Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlá

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú. Orí mi ò dàrú o. Wọ́n ní kí n ṣe é ni, mo sì ṣe é dáadáa, nítorí èmi kì í ṣe iṣẹ́ wúruwùru. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́ja. Ẹ bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ léèrè Zipporah, wọ́n á sọ fún yín pé lẹ́tà tí mo bá tẹ̀ kì í padà wá fún àtúnṣe.

Iredélé lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù Fẹ́búárì ló kú, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń la èèyàn létè. Àrùn kíndìnrín ló pa á. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, Olúwaṣèyítán, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣèyítán, ọmọ náà sì wà ní Limerick ní ilẹ̀ Áyálándì. Ìwé ló lọ kà níbẹ̀, ó kà á tán, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó fún owó oṣù, ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin tí òun àti àwọn ọmọ Áyálándì mẹ́ta dá sílẹ̀. Òun ló ń kọrin fún wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà, bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ni Aṣọ-Ò-Gbẹ, nítorí pé òjò kì í dá níbẹ̀.

Pọ́ńkì ni wọ́n ń pe irú orin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yé mi: ẹ wá ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta, ẹ tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnì kan wá dúró sáàárín wọn kó máa fi gbogbo agbára ọ̀fun rẹ̀ sọ ohun tó ń bí i nínú. Orin kan kì í ju ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ. Nígbà tí Bámiṣayé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́ àkọ́kọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní ṣé torí èyí lòun ṣe ta ilẹ̀ òun ní Felele. Iredélé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọ́ orin náà tán, ó tún un gbọ́, ó wá tẹ fóònù, ó gba ohùn sí i: “Ọmọ mi, ta ló ṣẹ̀ yín?” Ṣèyítán rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní àwọn ti kọ ìbéèrè yẹn sára ògiri yàrá tí àwọn ti ń dánrawò. Láti ọjọ́ náà, wọn ò ṣe orin kan tí Iredélé ò kọ́kọ́ gbọ́.

Ohùn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Wáásáàpù, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan náà dúró. Tó bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, á gbé fóònù sórí tábìlì, á gbàgbé pé ó ṣì ń gba ohùn, á bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ó máa gbọ́ ọ tí ó ń gún ata, tí ó ń lé ewúrẹ́ aládùúgbò kúrò nídìí ẹ̀gẹ́ tó sá, tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ìbọ̀sẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú méje kó tó rántí, á wá ní, “Háà, ó ṣì ń lọ?” kó tó fi ránṣẹ́. Mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ, ó sú mi. Ṣèyítán ní kí n fi ìyá òun sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Iredélé kú, a ò tíì kúrò ní ọsibítù nígbà tí Bámiṣayé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ìwé ìgbélùú Ṣèyítán wà níwájú ìjọba ọ̀hún; bó bá jáde kí wọ́n tó fún un, kò ní lè wọlé mọ́. Ó sì ní a kì í fi fóònù túfọ̀ ìyá fún ọmọ. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Nílé wa ní Ìyàrà, àwọn àgbà ló ń rìn lọ bá ẹni tí òfò ṣẹ̀. Wọ́n á ní kó jókòó. Wọ́n á gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan á dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti dì í mú, kí wọ́n tó la ẹnu. Ta ló máa di Ṣèyítán mú ní Limerick? Ta ló máa bu omi fún un? Ìbéèrè yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́.

“Títí ìwé rẹ̀ á fi jáde,” ni Bámiṣayé wí. “Á wá sílé, a ó mú un jókòó.”

Ó wá gbé fóònù Iredélé lé mi lọ́wọ́. Ó ní ohùn kan wà lórí rẹ̀ tí olóògbé gbà fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lórí ibùsùn, tí kò tíì lọ nítorí pé dátà ti tán. “Yọ ọ́ kúrò kó o tó ra dátà sí i. Bí ìyẹn bá fi lè lọ, ọmọ á mọ̀.” Mo gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, mo sì yọ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là ń jẹ́.

Bí mo ṣe di ìyá Ṣèyítán nìyẹn. Ó bi mí pé, “Màmá, kí ló dé tí mi ò gbọ́ ohùn yín mọ́?” Mo tẹ̀ ẹ́ sí i pé ọ̀fun ló ń dùn mí, dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a lọ sin ín, mo tẹ̀ ẹ́ pé, “Mò ń lọ sí Ìyàrà lónìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbẹ̀.” Mo sọ fún ara mi pé irọ́ kọ́ nìyẹn, lóòótọ́ ló ń lọ sí Ìyàrà. Nígbà tó di ọdún Àjíǹde, ọmọ náà ní ìwé ni o, ìwé kọ́ o, òun ń bọ̀ wá wo ìyá òun. Mo bá tẹ̀ ẹ́: “Má wá. Dúró gba ìwé rẹ. Ẹ gbájú mọ́ orin yín, kí inú mi lè dùn.” Kò wá.

Ẹ má rò pé mo ń sùn dáadáa. Ohun tí mò ń bẹ̀rù kò ju ẹyọ kan lọ: pé ọmọ yìí á gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, á sì mọ ẹni tó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ kọ̀wé sí i. Èmi ò bímọ. Òun nìkan ni mo ní. Hàwáù, ọmọ Òwòrò tó ń ránṣọ ní ojúde ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Gadumo, tí ewúrẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ Iredélé gbẹ, bi mí lọ́jọ́ kan bóyá ọmọ ti mọ̀. Mo ní rárá. Ó ká ọwọ́ kúrò lórí máṣíìnì. “Na wa o. Àǹtí, lọ́dọ̀ tiwa, kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó wà ní Mẹ́kà á ti gbọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a o.” Mo ní kó rán aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Mo bú u títí mo fi dé ilé mi ní àdúgbò Crusher, nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Méè, Ṣèyítán kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gba orin tuntun sílẹ̀, ẹyọ kan, síńgù ni wọ́n ń pè é. Iléeṣẹ́ rédíò ńlá kan ti ṣèlérí pé àwọn á gbé e. Bí èyí bá dáa, gbogbo Áyálándì á mọ Aṣọ-Ò-Gbẹ. Ọjọ́ Ẹtì kejì nínú Júùnù ló máa jáde. “Orin yín ni, Màmá. Mo fẹ́ kí ohùn yín ṣáájú. Ẹ kí mi ní ‘Òkun o’ bí ẹ ṣe máa ń kí mi. Bí ọ̀fun bá tiẹ̀ ń dùn yín, ọ̀rọ̀ méjì tó.”

Mo gbé e lọ fún Bámiṣayé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá wò mí lójú. “Ohùn yín jọra,” ló wí.

“Bàbá Ṣèyítán, ẹ̀ṣẹ̀ lèyí.”

“Ìwé rẹ̀ ku oṣù kan péré, Zipporah. Oṣù kan. Ṣé ibi tí a bá a dé yìí lo fẹ́ dà á nù sí?”

Ohùn wa jọra lóòótọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bàbá wa kì í mọ ẹni tó ń dáhùn láti yàrá nínú wa. Mo wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi, mo ti fèrèsé, mo pa fáànù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbà á kó tó tẹ́ mi lọ́rùn. “Òkun o, Ṣèyítán, ọmọ mi. Ìyá rẹ nìyí. Ara mi ti ń yá. Òkun o.” Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Ó mọ́ tónítóní, kò sí ikọ́, kò sí ariwo, mo sì gbé ìka mi kúrò lásìkò tó yẹ gan-an. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo fi ránṣẹ́. Ẹyin lohùn.

Ṣèyítán ò dáhùn lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó kọ̀wé pé, “Ẹ ṣé.” Kò sí “Màmá” níwájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó bi mí: “Ṣé kò sí nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ fún mi?” Mo kọ ọ́ pé kò sí, àdúrà nìkan ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tún bi mí: “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn, ó kọ̀wé pé: “Ọ̀túnla ni orin máa jáde. Bí nǹkan bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó tó jáde.” Mo fi han Bámiṣayé. Ó ní àyà ọmọ náà ló ń já nítorí rédíò, kí n fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé Ọlọ́run á ṣe é ní rere.

Ọjọ́ Ẹtì náà, mo gbàyè ní ọ́fíìsì, mo dé Gadumo ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òjò ti ṣú lórí òkè Páàtì, kò rọ̀, ooru mú bí ẹni wà nínú ìkòkò. Bámiṣayé ti lọ aṣọ. Ó wọ bùbá funfun, ó fi fìlà sí i, ó to àga mẹ́ta sí pálọ̀. Ọkùnrin tó ní òun ta ilẹ̀ Felele lásán ló ń sọ fún Hàwáù pé rédíò Áyálándì máa gbé ọmọ òun lónìí, gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gbọ́ ọ. Hàwáù ti gbé sípíkà kékeré tó fi ń gbọ́ wáàsí ní ṣọ́ọ̀bù wá. Àánú ọkùnrin náà ṣe mí. Láti Fẹ́búárì, mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín.

Orúkọ orin náà yọ lójú fóònù ní èdè òyìnbó: Ìṣẹ́jú-Àáyá Mọ́kànlá. Mo ti tẹ̀ ẹ́ kó tó yé mi.

Ohùn mi ló kọ́kọ́ jáde. “Òkun o, Ṣèyítán, ọmọ mi.” Bámiṣayé fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí mo kí i tán, ohun gbogbo dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kó dákẹ́ pẹ́ títí, débi pé Hàwáù gbé sípíkà náà wò bóyá ó ti kú. Ìgbà yẹn ni gìtá bú jáde. Ṣèyítán ń pariwo lókè rẹ̀ ní èdè òyìnbó, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó fò mí, nítorí òyìnbó ni mo fi ń jẹun. Ó ní, ewúrẹ́ dà? Ó ní, odó dà? Ó ní, ta ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́? Ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, ta ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ìlù ń gbá a lẹ́sẹ̀. Lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn, mo gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Òun gan-an. Wọ́n ti to àwọn ohùn tó ń fi ránṣẹ́ látijọ́ jọ: ata tó ń gún, “kúrò ńbẹ̀, ewúrẹ́ Hàwáù,” “Bàbá Ṣèyítán, ìbọ̀sẹ̀ kejì dà?” àti “Háà, ó ṣì ń lọ?” Gìtá dúró. Ìlù dúró. Ṣèyítán wá fi Yorùbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó jókòó tì wá: “Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹnu ìyá mi sọ̀rọ̀, ibo lẹ gbé e sí?”

Ibẹ̀ ni orin náà parí sí.

Hàwáù fa ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ó dìde, ó jáde, kò gbé sípíkà rẹ̀. Bámiṣayé ń wo ògiri. Fóònù ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́wọ́ mi, ìpè Wáásáàpù ni, orúkọ Ṣèyítán ló wà lójú rẹ̀.

“Má gbé e,” ni Bámiṣayé wí. “Jẹ́ ká pe àwọn àgbà ná.”

Mo gbé e.

“Àǹtí Zipporah,” ló wí. Kò bi mí bóyá èmi ni.

“Èmi ni.”

“Ọjọ́ wo?”

“Ọjọ́ kejìlá oṣù Fẹ́búárì.”

“Mo wà lórí ìtàgé lọ́jọ́ yẹn. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé ó dùn mọ́ òun.”

“Èmi ni.”

“Ní Àjíǹde, ta ló ní kí n má wá?”

“Èmi náà ni, Ṣèyítán.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín. Ẹgbẹ́ mi ti gbà pé bí ẹnì kan bá lè sọ fún mi kó tó di òní, àwọn ò ní gbé e jáde. Wọ́n ti gbà, Àǹtí.” Kò sunkún. Lẹ́yìn rẹ̀ mo ń gbọ́ àwọn èèyàn tó ń yọ̀, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹgbẹ́ wọn. “Ṣé kò fi ohùn kankan sílẹ̀ fún mi? Ní ọsibítù, ṣé kò gba nǹkan kan?”

Bámiṣayé ń mi orí sí mi. Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó ti tò, ó mọ́ bíi lẹ́tà. Ó rẹ̀ mí.

“Ó gba ọ̀kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dátà ti tán, kò lọ.”

“Ẹ fi ránṣẹ́.”

“Mo ti pa á rẹ́.”

Ariwo àwọn tó ń yọ̀ jìnnà. Ó dà bíi pé ó ti kúrò láàárín wọn, ó ti ilẹ̀kùn kan. “Kí ló sọ?”

“Ó kí ẹ. Ó ní…”

“Rárá. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ó tọ́ sí mi. Mo pa ojú dé, mo mú ohùn ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, tí èémí rẹ̀ ò tó mọ́. “Òkun o, Ṣèyítán. Mo gbọ́ orin tí ẹ fi ránṣẹ́. Ariwo yín dáa, òun ni mo fi ń bo ariwo wọ́ọ̀dù yìí. Bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ọmọ mi. Jókòó. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún ẹ.”

Bámiṣayé bú sẹ́kún. Mi ò sọ ọ́ fún un rí pé ìyàwó rẹ̀ ti fúnra rẹ̀ mú ọmọ náà jókòó, kí àwa tó ní kò sí ẹni tó máa mú un jókòó.

“Kí ló wá sọ?” ni Ṣèyítán bi mí.

“Mi ò mọ̀.”

“Àǹtí.”

“Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni mo gbọ́ dé. Mi ò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, mo yọ ọ́ kúrò.”

Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń dà sínú ife níbi tó wà. Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga.

“Mo ti jókòó,” ló wí.

Ó ń dúró, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ewúrẹ́ Hàwáù ń ké ní ojúde, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páànù, Bámiṣayé ń sunkún lórí àga. Kò sí èyí tó pa fóònù nínú àwa méjèèjì. Dátà ló tán.